Bí mo ṣe kọ́ gígé fúláwà iwájú ilé wa: irinṣẹ́, owó, ibi tó dáa, ibi tó bàjẹ́

Èmi kì í ṣe gádínà o, fóònù ni mò ń tún ṣe. Àmọ́ a ní ìlà fúláwà yẹ́lò kan nínú kọ́ḿpáùǹdì wa ní Adéwọlé níbí n'Ílọrin, bàbá wa ló gbìn ín nígbà tí wọ́n kọ́lé, Bàbá Pàtígi ló sì ń bá wa gé e látìgbà tí mo ti wà ní pámárì. Nígbà tára ò gbé wọn mọ́ wọ́n padà sílé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wọn. Ẹni tá a wá rí mú dípò wọn ń gba ₦7,000 lẹ́ẹ̀kan, àdá ló fi ń bẹ́ ẹ, kó o tó wọlé lọ gbé omi wá fún un ó ti parí, ó ti gbowó, ó ti lọ, àwa la máa wá jókòó máa wo orí fúláwà tó rí gbágungbàgun. Lásìkò òjò sì rèé, nǹkan yìí ń fẹ́ gígé lóṣooṣù. Mo ní rárá, n ó kọ́ ọ fúnra mi. Bó ṣe lọ nìyí pẹ̀lú owó ẹ̀, torí àwọn ará àdúgbò kan ti ń bi mí.

1. Ohun tí mo bá nílẹ̀

Mo kọ́kọ́ gbé téèpù. Ìlà yẹn gùn tó mítà 14, ó ga tó mítà 2 àti sẹ̀ǹtímítà 10. Orí ẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 110 àmọ́ ìdí ẹ̀ nílẹ̀ ò ju 40 lọ, ìyẹn ni pé orí ti fẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Láti ilẹ̀ títí dé bíi sẹ̀ǹtímítà 60, ewé kankan ò sí níbẹ̀, igi lásán ni, adìẹ ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá bó ṣe wù ú.

Mo wá fi ọwọ́ méjèèjì ya ewé ẹ̀ sọ́tọ̀ kí n wo inú. Òde tí oòrùn ń pa yẹ́lò rokoṣo, ó dáa lójú, ṣùgbọ́n ká ní o ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀ díẹ̀, ewé ibẹ̀ ti di gíríìnì, kò yẹ́lò mọ́ rárá, tó o bá tún ki ọwọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀ka gbígbẹ nìkan ló kù, àti ewé jíjẹrà tó há sáàárín, àti ilé agbọ́n kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Bí fúláwà yìí ṣe máa ń ṣe nìyẹn, Duranta lorúkọ ẹ̀ nínú ìwé, yẹ́lò tá a torí ẹ̀ gbìn ín, oòrùn ló ń bá a ṣe é, ibi tí oòrùn ò bá dé á di gíríìnì, tó bá pẹ́ níbẹ̀ á wọ́wé. Nítorí náà ìdí tó pá yẹn kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe pé ilẹ̀ ò dáa. Orí tó fẹ̀ jù ló ń ṣíji bò ó. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń fi àdá bẹ́ orí ẹ̀, ẹnìkan ò fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an sì niṣẹ́ wà.

Yàtọ̀ sí yẹ́lò yìí, Ixora mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ilé, fúláwà ẹlẹ́gùn-ún kan (Bougainvillea, olódòdó píǹkì) sì wà lẹ́nu géètì.

2. Irinṣẹ́

Ojú títì Táíwò níbí n'Ílọrin ni mo ti rà á. Ẹni tó ń tà á kọ́kọ́ ní ₦14,000 fún sísọ́ọ̀sì ńlá ọlọ́wọ́ méjì, a nájà nájà, ó fún mi ní ₦9,500. Kí n tó sanwó mo ní kó fún mi ní làìlọ́ọ̀nù, mo fi sísọ́ọ̀sì yẹn gé e láti ìdí ẹnu ẹ̀ títí dé ṣóńṣó, torí èyí tí mo kọ́kọ́ mú, tó bá dé ṣóńṣó ṣe ló ń ká làìlọ́ọ̀nù mọ́ra dípò kó gé e. Ẹ má tijú dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù o. Ìyókù:

Sísọ́ọ̀sì kékeré ọlọ́wọ́ kan, ₦5,000. Ìbọ̀wọ́ aláwọ, ₦2,500. Fáìlì pẹlẹbẹ, ₦1,800. Sípírítì, ₦1,000. Okùn bíríkìlà, ₦600.

Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦20,400, kò tó owó gígé ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́wọ́ aládàá. Mo yá àkàsọ̀ lọ́wọ́ pẹ́ńtà tó wà lójúlé kejì sí wa. Jígí ojú tí mo fi ń ṣọ́dà fóònù ni mo wọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wọ nǹkan sójú, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ yẹn máa ń ta padà, ojú ló sì máa ń wá.

3. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe tí ò dáa

Kí n tó ra nǹkan kan rárá, mo ti mú àdá ilé lọ́yẹ́, mo ní ṣé kì í ṣe àdá náà ni gbogbo ayé ń fi gé e ni. Ẹ̀ka tó bá yi, àdá máa gé e, òótọ́ ni, àmọ́ àwọn ọ̀mùnú tó rọ̀ yẹn, tó o bá sọ àdá sí i ṣe ló máa tẹ̀, kò ní gé, á kàn bó léèpo, á máa fì. Mo tún wá fi ìbínú sọ ọ́ sí i. Nígbà tí mo fi máa ṣe tán, orí ẹ̀ kún fún kùkùté tó ya sí méjì.

Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni àsìkò. Lọ́yẹ́, kò sómi nílẹ̀, atẹ́gùn gbígbẹ ń fẹ́, ibi tó o gé á gbẹ wọnú ni, igi náà ò sì lágbára láti rúwé tuntun. Orí fúláwà yẹn wà ní búráùn bẹ́ẹ̀ títí òjò fi dé, ìyá mi ń kọjá níbẹ̀ láràárọ̀, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń wò mí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé fúláwà gidi n'Ílọrin, ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ dáadáa ná, April parí sí May, kí ilẹ̀ ti mumi. Tó bá ti ń lọ sí ìparí October ẹ fi sílẹ̀, ẹ má fún un ní ọgbẹ́ ńlá kankan mọ́ tọ́yẹ́ fi máa dé.

4. Pípọ́n

Sísọ́ọ̀sì tuntun ò mú bó ṣe yẹ kó mú, bí wọ́n ṣe ń tà á nìyẹn. Mo tú nọ́ọ̀tù àárín ẹ̀, mo pín in sí méjì. Tẹ́ ẹ bá wo ẹnu ẹ̀ dáadáa, ẹ̀gbẹ́ kan dagẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀gbẹ́ tó dagẹ̀rẹ̀ nìkan lẹ máa fi fáìlì pọ́n, láti ìdí lọ sí ṣóńṣó, ìhà kan ṣoṣo, ẹ má fà á lọ fà á bọ̀. Èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ yẹn ẹ ò gbọdọ̀ pọ́n ọn, tẹ́ ẹ bá pọ́n ọn àlàfo á wà láàárín ẹnu méjèèjì, kò ní gé nǹkan mọ́. Ẹ kàn rọra fi fáìlì pa á lẹ́ẹ̀kan péré kí ìdọ̀tí irin tó yọ síbẹ̀ lè kúrò.

Mo dè é padà, mo fi ọ́ìlì díẹ̀ sí nọ́ọ̀tù. Tó bá le jù ọwọ́ á ro yín, tó bá dẹ̀ jù á máa ká ewé mọ́ra. Bí mo ṣe ń wò ó ni pé mo gbé e sókè, mo ya ẹnu ẹ̀, mo jọ̀wọ́ ọwọ́ kan lára ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀ kó sì dúró lágbedeméjì. Lẹ́nu iṣẹ́, oje fúláwà á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọn, mo máa ń fi àkísà tí mo rẹ sí sípírítì nù ún, pàápàá tí mo bá fẹ́ kúrò lórí fúláwà kan bọ́ sórí òmíì, kí àrùn má baà ti ibì kan dé ibòmíì.

5. Okùn

Ibí ló gba àkókò mi jù. Mo ri igi kan mọ́lẹ̀ lápá géètì, mo ri ìkejì lápá ẹ̀yìnkùlé, mo wọn mítà 1 àti ààbọ̀ láti ilẹ̀ sókè lára igi méjèèjì, mo ta okùn. Mo gé e tẹ̀ lé okùn yẹn bíi mítà 3, mo wá padà sẹ́yìn lọ wò ó láti ẹnu géètì. Ó wọ́! Ó wọ́ gan-an ni, bẹ́ẹ̀ mo wọ̀n ọ́n. Mo rò pé okùn ló dẹ̀, lóòótọ́ okùn mítà 14 á ṣọ̀ láàárín bó ti wù kó o fà á tó, mo wá ri igi mẹ́ta sí i sáàárín, mo tún fà á, ó ṣì wọ́.

Mo ya fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ Bàbá Pàtígi lórí WhatsApp pé kó fi han bàbá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè.

“Ìwọ, ta ló ní kó o máa wọn ilẹ̀?”

Mo ní, “Ẹ má bínú bàbá, mo fẹ́ kó dọ́gba ni.”

“Ilẹ̀ yín kì í ṣe pẹrẹsẹ. Wo búlọ́ọ̀kù fẹ́ǹsì, kó o kà á.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú. Ilẹ̀ wa rọra ń lọ sísàlẹ̀ láti géètì lọ sí ẹ̀yìn, bíi sẹ̀ǹtímítà 35 ló fi relẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, a kì í rí i torí a ti bá a báyẹn. Fẹ́ǹsì ní tiẹ̀, bíríkìlà fi lẹ́fẹ̀lì mọ ọ́n, a ò sì rẹ́ ẹ nínú, ìlà búlọ́ọ̀kù ẹ̀ hàn ketekete lẹ́yìn fúláwà. Ojú èèyàn ò lè wo orí fúláwà kó má wo ìlà búlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́yìn ẹ̀, tí méjèèjì ò bá ti bára mu, fúláwà lo máa sọ pé ó wọ́. Mo wá ka kọ́ọ̀sì mẹ́fà (ìyẹn ìlà búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò léra) láti ilẹ̀ lápá géètì, kọ́ọ̀sì kan búlọ́ọ̀kù iníṣì 9 pẹ̀lú mọ́tà ẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25, mẹ́fà sì jẹ́ mítà 1 àti ààbọ̀. Ìlà yẹn ni mo tẹ̀ lé débi tó parí sí. Ìyẹn ni pé lápá ẹ̀yìn, fúláwà ga tó sẹ̀ǹtímítà 185 láti ilẹ̀, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dúró lẹ́nu géètì ẹ ò ní mọ̀, ó tẹ́ rẹrẹ.

Bàbá tún sọ fún mi pé tí mo bá ń gé fúláwà tó ti ga, ohun tí mo máa mú kúrò nínú gíga ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Láti 210 sí 150, kò tíì kọjá ìyẹn.

Bí ẹ ṣe máa di sísọ́ọ̀sì mú: ẹ má fi ọwọ́ méjèèjì ṣí i pa dé. Ọwọ́ òsì dúró gbọin, ẹnu ìsàlẹ̀ tẹ́ lórí ìlà tẹ́ ẹ fẹ́ gé, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí ọwọ́ méjèèjì ń ṣí tó ń pa dé ni orí fúláwà á máa ní kòtò, mi ò mọ̀ títí mo fi ya ara mi ní fídíò.

6. Ẹ̀gbẹ́

Ohun tí mo fẹ́ ni kí ìdí fẹ̀ ju orí lọ, kí oòrùn lè kan ewé ìsàlẹ̀. Ìwọ̀n tí mo fojú sùn ni sẹ̀ǹtímítà 60 nísàlẹ̀, 45 lókè, ìyẹn ni pé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan á wọlé ní 7 àti ààbọ̀ bó ṣe ń lọ sókè. Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ ọ́n lójú? Mo wá pákó kan tó gùn tó mítà 1 àti ààbọ̀, mo kan ìṣó sórí ẹ̀, mo so okùn mọ́ ìṣó, mo so nọ́ọ̀tù ńlá kan mọ́ ìdí okùn. Mo fi bírò fàlà sí ìdí pákó ní sẹ̀ǹtímítà 7 àti ààbọ̀ sí ibi tí okùn á sọ̀ sí tí pákó bá dúró ṣánṣán. Tí mo bá wá fi pákó ti ẹ̀gbẹ́ fúláwà, mo dà á títí nọ́ọ̀tù fi dúró lórí ìlà yẹn, bí pákó ṣe dà yẹn ni ẹ̀gbẹ́ náà gbọ́dọ̀ dà. Láti ìsàlẹ̀ ni mo ti ń gé lọ sókè, torí tó o bá bẹ̀rẹ̀ lókè, ewé tó o gé á máa já bọ́ sórí èyí tó o fẹ́ gé, o ò ní ríran.

Ilé agbọ́n yẹn ńkọ́? Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo gé apá ọ̀tún ẹ̀, mo gé apá òsì ẹ̀, mo fi bíi ààbọ̀ mítà sílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, mo ní kí ẹni tó bá gbọ́n jù mí lọ wá gé e.

7. Ìdí tó pá

Títún ẹ̀gbẹ́ ṣe nìkan ò ní mú kí ewé hù sára igi tó ti gbó nísàlẹ̀. Bàbá ní kí n mú igi kan, kí n fi méjì sílẹ̀, kí n tún mú ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó fi máa parí, èyí tí mo bá mú kí n gé e wálẹ̀ sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí ilẹ̀. Ẹ̀rù bà mí o, ẹ má jẹ́ n purọ́. Ṣùgbọ́n Duranta ò lójú tì, ó máa ń rúwé lára igi gbígbó. Ayùn ni mo fi gé àwọn tó nípọn ju àtàǹpàkò lọ, torí mo ti kọ́kọ́ fi sísọ́ọ̀sì ńlá fipá gé ọ̀kan, nọ́ọ̀tù ẹ̀ yẹ̀.

Mo gé e dagẹ̀rẹ̀ kí òjò má baà dúró lórí ẹ̀, mo da ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà sí ìdí wọn, báárò méjì, ₦2,000 lọ́wọ́ Fúlàní tó ń ta wàrà fún wa, mo sì fi ewé gbígbẹ bò ó. Òjò ń rọ̀ nígbà yẹn, nǹkan bíi ọ̀sẹ̀ méjì sí i mo ti rí ojú wẹ́wẹ́ tó ń yọ lára kùkùté, ó yọ láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti orí ibi tí mo gé. Àlàfo ṣì wà níbẹ̀ ṣá, adìẹ ṣì ń kọjá. Tó bá di òjò ọdún tó ń bọ̀ n ó mú igi kejì nínú mẹ́ta mẹ́ta yẹn, ọdún kẹta ìyókù.

8. Ixora

Ixora ò dà bí yẹ́lò o, ẹ má fi sísọ́ọ̀sì ńlá kàn án. Mo fi kan èyí tó wà lọ́wọ́ òsì àtẹ̀gùn, gbogbo ewé ẹ̀ tó gbòòrò yẹn gé sí méjì méjì, etí wọn di búráùn, gbogbo òdòdó tó fẹ́ yọ sì lọ, torí ṣóńṣó ẹ̀ka tuntun lòdòdó ẹ̀ máa ń wà. Odindi igi Ixora kan ò lódòdó, àwọn mẹ́ta tó kù pọ́n yòò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Àwọn mẹ́ta yẹn, sísọ́ọ̀sì kékeré ni mo fi ṣe wọ́n. Ẹ dúró kí òdòdó kan rọ ná. Ẹ tẹ̀ lé ẹ̀ka tó gùn jù wọnú igi náà, ẹ wá ibi tí ewé méjì ti kọjú síra wọn, ẹ gé e díẹ̀ lókè ibẹ̀. Láti ìdí ewé méjèèjì yẹn ni ẹ̀ka tuntun méjì á ti yọ, ìyẹn ló ń jẹ́ kó kún. Ó ń falẹ̀, mo gbé àpótí jókòó tì í ni, mo tan rédíò.

Àwọn méjì tó sún mọ́ ògiri, ewé wọn ti ń pọ́n, ìṣàn ewé nìkan ló ṣẹ́kù tó dúdú. Mo rò pé òǹgbẹ ni, mo ń bomi sí i. Àṣé síméǹtì ni. Nígbà tí mo gbẹ́ ìdí wọn, ẹ̀ẹ́kù mọ́tà tí àwọn bíríkìlà dà síbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti ń kọ́lé ló kún ibẹ̀, síméǹtì kì í jẹ́ kí Ixora rí irin inú ilẹ̀ fà. Mo ṣa gbogbo ẹ̀ kúrò, mo fi ilẹ̀ dúdú àti ìgbẹ́ màlúù tó ṣẹ́kù dí i. Ewé tuntun tó ń yọ báyìí ti ń dúdú bọ̀.

9. Ẹlẹ́gùn-ún

Kíá lèyí. Ìbọ̀wọ́ aláwọ, ẹ̀wù alápá gígùn, bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ẹ̀ka gígùn tó bá ti yọ sẹ́nu ọ̀nà, mo gé e wálẹ̀ títí ó fi ku ojú (ibi tí ewé ti ń yọ) méjì tàbí mẹ́ta. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń tanná jù, òjò ni kí ẹ fi gé e. Ẹ̀ka kan wà tó ti gun orí wáyà iná, mi ò dé ibẹ̀, àwọn oníná la pè, a ṣì ń retí wọn.

10. Ewé tí a gé

Ìlẹ́yà ti sún mọ́lé nígbà yẹn, àgbò kún àdúgbò. Ọmọ aládùúgbò wa kan gbé báárò wá pé kí n jẹ́ kóun kó ewé yẹn fún àgbò bàbá òun. Mo fẹ́ gbà, mo tilẹ̀ ti ń bá a kó o, ìyá mi ló pariwo láti ojú fèrèsé pé kí n má dán an wò. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Duranta ní májèlé, pàápàá èso wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ọsàn tó máa ń so yẹn, kò yẹ kí ẹran jẹ ẹ́, kò sì yẹ kí ọmọdé fi í ṣeré oúnjẹ. Ẹ gbá gbogbo ẹ̀ tán, ẹ má da á síta níbi tí ewúrẹ́ ti ń jẹ̀. Kòtò la gbẹ́ sẹ́yìnkùlé, a da á sí i, a fi erùpẹ̀ bò ó, ọmọ yẹn bá wa gbẹ́ ẹ mo fún un ní ₦1,500.

Gbogbo owó tó jáde wá jẹ́ ₦23,900. Látìgbà yẹn, bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni mò ń bọ́ sí i tí òjò bá ń rọ̀, ṣóńṣó nìkan ni mò ń mú kúrò, mi ò sì ta okùn mọ́, ìlà kọ́ọ̀sì kẹfà ni mò ń wò. Èyí tó ṣẹ́kù ni ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí fẹ́ǹsì, àlàfo ibẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 70 lọ, àkàsọ̀ pẹ́ńtà ò wọ̀ ọ́, mò ń wá àkàsọ̀ tóóró kan yá. Ẹni tó bá ní in ní agbègbè Adéwọlé kó bá mi sọ̀rọ̀.